Púpurù Ìye àti Owó Ìpolówó Tó Kù Lọ́wọ́ Rẹ

Ìkọ̀yà,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Oṣù Kọkànlá, 1999.

Mọ́rẹ̀nikẹ́, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ara mi le, àyàfi orúnkún tí ìwọ náà mọ̀. Ó tó nípa tèmi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. Ilé iṣẹ́ tí o wà ní Èkó ń ta ìwé àti kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kọ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí òkè òkun ní èdè. Ìwọ ni wọ́n fi ṣe olórí ìpolówó lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó so ayé pọ̀, èyí tí ẹ ń pè ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán ọ wò. Owó tí wọ́n fún ọ kéré. Oṣù kan àtààbọ̀ ti lọ, ìdajì owó náà ti lọ, àwọn tó ra ọjà kò sì tó nǹkan. Ní báyìí, ọ̀gá rẹ fẹ́ kí o kó gbogbo èyí tó kù sórí ìpolówó ńlá kan ṣoṣo, fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá jẹ́, iṣẹ́ tán. Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, àbúrò bàbá rẹ tó wà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Òkìtìpupa ti di ààyè iṣẹ́ olùkọ́ kan mú dè ọ́ títí ìparí oṣù yìí. O ní kí n sọ èwo ni kí o ṣe. O ní ohun tí mo bá sọ ni o ó tẹ̀ lé.

N ó dáhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ojú ewé àkọ́kọ́.

N kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, n ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o pa ìwé yìí mọ́ dáadáa: orí mi wú. Nígbà tí Àlàájà ilé kejì bi mí ohun tí ò ń ṣe ní Èkó, mo ní ò ń polówó ọjà nínú kọ̀ǹpútà.

Ó ní, “Tíṣà, ta ló wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa rà á?”

Mo ní gbogbo ayé ni.

“Háà! Ẹ bá mi sọ fún un kó fi epo mi sí i o. Àgbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Kí gbogbo ayé wá gbé e!”

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo rí i pé mo ti jókòó gbọọrọ bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Èmi kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n mo mọ ìpolówó, mo sì mọ bí a ṣe ń fi owó kékeré ṣòfò lórí rẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ọ rí, nítorí pé kò buyì kún mi.

Ní ọdún kejì tí mo fẹ́ bàbá rẹ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo sì ń kọ́ni ní Òkìtìpupa. Ìye, ìyá bàbá rẹ tí o kò bá láyé, ń ṣe púpurù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, níhìn-ín ní Ìkọ̀yà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tó fún un gbẹ, tó mọ ọ́n roboto, tó sì yan án lórí iná títí ara rẹ̀ fi dúdú, kò ní tà á bẹ́ẹ̀. Ó máa ń họ gbogbo dúdú ara rẹ̀ kúrò kí ó tó dé ọjà. Àwọn yòókù kì í họ ọ́. Ẹni tó bá rà á ni yóò lọ họ ọ́ nílé. Mo rò ó pé irú púpurù bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó mọ sí ìsọ̀ kan. Mo ní n ó máa gbà á tà ní Òkìtìpupa, n ó sì polówó rẹ̀.

Mo kó gbogbo owó tí mo ti fi pamọ́ láti inú owó oṣù mi, mo gbé e fún ẹni tó ń ṣe pátákó ìpolówó. Ó kan pátákó tó ga ju ènìyàn lọ. Èmi ni mo kọ gbólóhùn tó wà lára rẹ̀: PÚPURÙ ÌKỌ̀YÀ. Ó MỌ́, Ó FUNFUN, Ó YẸ ỌMỌLÚWÀBÍ. Mo fẹ́ràn gbólóhùn náà ju bó ṣe yẹ lọ. A rì í mọ́lẹ̀ ní ẹ̀bá ọ́fíìsì ìjọba, níbi tí àwọn tó mọ̀wé ń gbà kọjá.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá. Akọ̀wé kan ni, tí ìjọba gbé wá láti Ìbàdàn. Ó kanlẹ̀kùn, ó ṣí fìlà.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọṣẹ yín tó wà lára pátákó yẹn, ṣé kò ní ba aṣọ aláwọ̀ jẹ́?”

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Èkínní, nítorí náà: mọ ẹni tó ń jẹ púpurù kí o tó ri pátákó mọ́lẹ̀. Àwọn tó lè ka pátákó mi wá láti ìlú tí wọn kì í ti í jẹ púpurù. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ ń bọ̀ láti etí omi àti láti oko, wọn kì í gba ẹ̀bá ọ́fíìsì kọjá. O kọ̀wé pé o gbé ìpolówó rẹ sí ojú ìwé tí wọ́n ti ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù, nítorí pé èrò pọ̀ níbẹ̀. Mo gbà pé èrò pọ̀. Ẹ̀bá ọ́fíìsì ìjọba náà kún fún èrò. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn tó ń wá kásẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọdún márùn-ún? Wá ibi tí àwọn ìyá ọmọ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí wọn kò tilẹ̀ ju ìwọ̀nba lọ, àwọn ni.

Èkejì so mọ́ ọn. Mo ná gbogbo owó mi lórí gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ lẹ́nu mi rí. Ǹ bá ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ènìyàn mẹ́wàá ní ọjà, lọ́fẹ̀ẹ́, kí n tó fi ọ̀dà kọ ọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ìgbà tí a kò bá tíì mọ nǹkan, díẹ̀ ni a ń ná. Ìgbà tí a bá mọ̀ tán ni a ń ná púpọ̀.

Ìye kò bá mi wí. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú owó díẹ̀ jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́.

“Ìyàwó, gba èyí. Má fi ra igi mọ́.”

Mo fi owó náà bẹ akéde. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo ní kí ó máa lu agogo yí ká Òkìtìpupa. Ní Sátidé àkọ́kọ́, púpurù tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Inú mi dùn. Ní Sátidé kejì, ó kù sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Mo ní gbólóhùn náà kò dára tó. Mo yí i padà. Ní ẹ̀kẹta, ó tún kù. Mo yí gbólóhùn padà, mo yí ewé tí a fi ń wé e padà, mo dín iye owó rẹ̀ kù. Ẹ̀kẹrin kò sàn. Mo tún yí gbólóhùn padà. Ní Sátidé karùn-ún, ó tán pátápátá! Mo sáré sọ fún bàbá rẹ pé mo ti rí ọ̀rọ̀ tó ń ta púpurù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fa ìlà sí ìdí rẹ̀.

Ìye wá kí wa ní ọjọ́ kejì. Mo ròyìn fún un.

“Tíṣà,” ó ní, “ọjọ́ wo lo ń rán akéde jáde?”

“Sátidé ni, mà. Ọjọ́ yẹn ni n kì í lọ sí ilé ìwé.”

“Ọjà ńkọ́? Ṣé òun náà ń lọ sí ilé ìwé ni?”

Ọjọ́ méje méje ni èmi ń kà, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà wa ń ka tirẹ̀, bí a bá ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Sátidé àkọ́kọ́ àti ìkarùn-ún bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ọjọ́ tí àwọn ará etí omi máa ń fi ọkọ̀ gbé ẹja wá, tí wọ́n sì máa ń ra púpurù lọ. Wọn ì bá rà á bí akéde tilẹ̀ yadi. Àwọn Sátidé tó wà láàárín, ta ni akéde ń bá sọ̀rọ̀? Ewúrẹ́. Gbogbo gbólóhùn tí mo yí padà kò ṣe nǹkan kan, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Ẹni tí kò kàwé kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn ní ìlú wa. Ìwé ló mú mi ṣe é.

Ẹ̀kẹta nìyẹn, Mọ́rẹ̀nikẹ́: fi ọjọ́ ọjà wé ọjọ́ ọjà. O ní bí ìpolówó kan bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí kò mú ẹnikẹ́ni wá, o máa ń yọ ọ́, o sì máa ń fi òmíràn rọ́pò. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta náà kì í ṣe àárín ọjà? Àwọn tó wà ní òkè òkun ní ọjọ́ ọjà tiwọn. Bóyá ìgbà tí owó oṣù bá wọlé ni. Bóyá ọ̀sán Sọ́ńdè, tí ọmọ wà nílé tí ìyá sì jókòó. N kò mọ̀. Ìwọ ni kí o wádìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí o bá fẹ́ fi ìpolówó méjì wé ara wọn, ìgbà kan náà ni kí wọ́n jọ jáde, kí iye ọjọ́ wọn dọ́gba, kí o má sì fọwọ́ kàn wọ́n títí yíyípo ọjọ́, láti ọjọ́ ọjà kan dé òmíràn, yóò fi pé. Sùúrù yìí le. Ó ń ṣe ni bíi kí a ṣí ìkòkò wò. Má ṣí i.

Ẹ̀kẹrin: ohun kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ní Sátidé kẹta yẹn, mo yí nǹkan mẹ́ta. Ká ní púpurù tà, èwo nínú wọn ni ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? O sọ fún mi pé o yí àwòrán, iye owó àti ojú ìwé padà ní ọjọ́ kan náà. Ẹnu yà mí. N kò rò pé ènìyàn lè jogún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kò tì mí lójú. Mo dúró de ọjọ́ ọjà gan-an. Mo bẹ akéde méjì, ẹnì kan ní ọ̀nà tó wá láti etí omi, ẹnì kejì ní ọ̀nà Igbotako. Èkínní ń ké pé, “Ẹ béèrè púpurù Tíṣà, ó funfun!” Èkejì ń ké pé, “Ẹ béèrè púpurù Ìye, a ti họ ọ́ tán!” Púpurù kan náà ni, inú agbọ̀n kan náà ló wà. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti dé, orúkọ tó bá dá ni mo fi ń mọ akéde tó rán an wá. Ní ọjà kejì, mo pààrọ̀ ọ̀nà fún wọn, kí ó má baà jẹ́ pé ọ̀nà ló ṣe é. Ní ọ̀nà méjèèjì, Ìye ni wọ́n ń béèrè.

Inú Ìye dùn débi pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ijó. “Tíṣà! Orúkọ ta ni gbogbo ayé ń pè?”

Ní ọjà kẹta, mo fi gbólóhùn rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ mi, mo sì fi tèmi sí abẹ́ orúkọ rẹ̀. “Púpurù Tíṣà, a ti họ ọ́ tán!” Tíṣà ni wọ́n ń béèrè ní ọjọ́ náà. Ìye kò jó mọ́. Gbólóhùn ló ń ta á, kì í ṣe orúkọ. Funfun kò kan ẹnikẹ́ni, ọmọlúwàbí kò kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti fi àárọ̀ wa ọkọ̀ lójú omi fẹ́ dé ilé kí ó má tún jókòó ti ọ̀bẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti ná owó oṣù mélòó kan kí n tó gbọ́ ọ.

Nítorí náà, fún ìpolówó kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. O ní àwọn oníbàárà máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sínú fọ́ọ̀mù kan tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́. Jẹ́ kí ìpolówó kan sọ fún wọn pé kí wọ́n béèrè àpò kásẹ́ẹ̀tì “Àbẹ̀kẹ́,” kí èkejì ní kí wọ́n béèrè “Àjàní.” Ẹrù kan náà ni kó wà nínú àpò méjèèjì. Yóò yé ọ láì bi ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ pé láì bi ẹnikẹ́ni. Kí n tó ri pátákó mọ́lẹ̀, mo ti bi gbogbo àwọn tí a jọ ń kọ́ni nípa púpurù náà, gbogbo wọn ló yìn ín. Ìwọ ro ó wò: ta ni yóò sọ fún ìyàwó ilé, tó tún jẹ́ tíṣà, pé ọjà ìyá ọkọ rẹ̀ kò wu òun? Obìnrin kan yìn ín fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo bá a ní ọjà tó ń ra tẹlòmíràn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi agbọ̀n pamọ́ sẹ́yìn. N kò bínú sí i. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. O kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló tẹ àwòrán rẹ lórí kọ̀ǹpútà, pé ọ̀gá rẹ sì gba èyí bí àmì rere. Ìkíni ni, ọmọ mi. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kí ọ. Ẹni tó rà á ló jẹ ẹ́. Iye àwọn tó rà á ni kí o fi pín owó tí o ná, kí o fi mọ èyí tó pọ̀ jù àti èyí tó mọ níwọ̀n.

Nípa gbólóhùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi, “Kásẹ́ẹ̀tì Yorùbá tó dára jù lọ ní àgbáyé,” pátákó mi nìyẹn. Ọmọlúwàbí ni. Fi òmíràn wé e: “Bí ẹ bá pe ìyá yín nílé lórí fóònù, ṣé ọmọ yín lè kí i?”

N ó sọ ibi tí mo ti rí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ pè láti Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá, mo wọ ọ̀kadà lọ sí ilé tẹlifóònù ní Òkìtìpupa, mo sì dúró de ìpè náà. Ó fi fóònù fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ kan. Èmi sọ ọ̀kan. Lẹ́yìn náà àwa méjèèjì ń gbọ́ èémí ara wa, títí àkókò fi tán. Mo mọ Gẹ̀ẹ́sì, mo fi kọ́ni fún ọgbọ̀n ọdún. Kò wá sí mi lẹ́nu. Bí ẹnìkan bá gbé kásẹ́ẹ̀tì yẹn síwájú mi lọ́jọ́ náà, n kò ní béèrè iye rẹ̀.

Ṣùgbọ́n má lo gbólóhùn mi nítorí pé èmi ni ìyá rẹ. Gbé e jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ, kí ọjọ́ wọn dọ́gba. Bí tìrẹ bá ta ju tèmi lọ, ju tèmi nù, kí o sì sọ fún mi. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Ìdáhùn mi nìyí.

Má kó owó tó kù sí ojú kan. Lọ bá ọ̀gá rẹ ní òwúrọ̀, kí inú rẹ̀ tó gbóná. Sọ àṣìṣe rẹ kí ó tó bi ọ́: pé o yí nǹkan púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, pé ojú ìwé bọ́ọ̀lù kò yẹ. Sọ fún un pé owó tó lọ kò lọ lásán bí ẹ bá mọ ohun tí ó kọ́ yín. Kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ pín ìyókù sí mẹ́ta. Ìdá kan fún gbólóhùn tìrẹ, ìdá kan fún tèmi, ìdá kẹta kí ó jókòó. Èyí tó bá ta ni kí ẹ gbé ìdá kẹta fún. Bí a bá gún iyán nínú odó ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó.

Bí ó bá kọ̀, owó tirẹ̀ ni. Ṣe é bí ó ti wí, ṣùgbọ́n kọ ìmọ̀ràn rẹ sínú ìwé fún un ṣáájú. Bí ẹ bá sì ṣe é dáadáa, tí kò sí èyí tó tà, á jẹ́ pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì náà ní iye yẹn. Òótọ́ ni ìyẹn pẹ̀lú. Gbé e fún un lọ́wọ́ méjèèjì, kí o sì gbé orí sókè wá sílé. Yàrá rẹ wà.

Ó ku ti ààyè iṣẹ́ olùkọ́. Àbúrò bàbá rẹ yà wá síbí ní àná. Kò tilẹ̀ jókòó.

“Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́, àwọn èèyàn ń yọ mí lẹ́nu nítorí ààyè yìí o. Ó ń bọ̀ àbí kò bọ̀?”

Mo ní kí ó mu omi ná.

“N kò mu omi. Ọmọ tó kàwé tó báyìí, tó wá lọ ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní Èkó! Bí wọ́n bá lé e níbẹ̀ lọ́la, ẹ má ní n kò sọ o.”

“Ọkọ mi,” mo ní, “ẹ ṣeun tí ẹ dúró de ọmọ yín. Ẹ fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti ní iṣẹ́.”

Ó wá jókòó, ó ní kí n gbé omi náà wá.

O ní ohun tí mo bá sọ ni o ó ṣe. Mo ti sọ ọ́. Má kọ̀wé sí mi títí yíyípo ọjọ́ ìpolówó méjèèjì yóò fi pé.

Èmi tó bí ọ, tí n kò kábàámọ̀,
Ìyá rẹ.